Aṣọ Pupa Iwájú Ilé Ìyá Mi

Ìyá mi sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Abereke pé awò ojú ni mo ń tún ṣe nílùú òyìnbó. Mi ò dá ìyá mi lẹ́bi. Èmi fúnra mi, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi, ńṣe ni mo ń mi orí bí ẹni tó gbọ́, tí mo sì lọ jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti ronú. Láti ìgbà náà, obìnrin mọ́kànlá ló ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi pé kí n fi awò ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń fẹ́ elétí wúrà.

Kí ẹ̀yin náà má baà fi orúkọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, ègé kékeré kan wà tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Ojú ègé yìí kún fún ìlà tó tín-ín-rín débi pé irun orí yín dà bí ìtì igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń fa ìlà náà, ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kan wà, ó tóbi tó ilé oníyàrá méjì, tó ń gba inú awò ńláńlá tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ju àwòrán sórí àwo pẹlẹbẹ kan tó ń dán gbinrin. Wọ́n á ya ìpele kìíní, wọ́n á ya ìkejì lé e, wọ́n á ya ìkẹta lé ìyẹn. Bí ìpele kan bá fi bíńtín yẹ̀ lórí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di pàǹtí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé àwọn awò náà tò gún, kí àwòrán lè bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Kò sí elétí wúrà níbẹ̀.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi títí, débi pé nígbà tó dé, mo kí i bí àlejò tí a ti ń retí. Omi ló dẹ́rù bà mí, èmi ọmọ omi. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, obìnrin gíga kan tó ń jẹ́ Anneke, tí mo ti sọ di Àníkẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé òun ti di ọmọ Yorùbá, fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ wo ìgbèríko. Òkìtì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo gbójú sókè, mo rí ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá lókè orí wa.

"Àníkẹ́, omi wà lókè."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwa wà nísàlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ṣọ́ òkìtì náà tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣe é láti ayé bàbáńlá àwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, òkun ti gbé ilé ìwé tí mo ti kọ́ á-bí-dí lọ. Ó ti gbé ibi tí a sin bàbá bàbá mi sí. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ àfi ìyá mi, aṣọ pupa kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ọ.

Ó yẹ kí n sọ ìtàn aṣọ náà. Ẹnu odò wa kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ń wọ̀ bó ṣe wù ú. Yanrìn ga lábẹ́ omi lápá ọ̀tún, ó ga lápá òsì, ìgbì sì ń fọ́ lórí méjèèjì. Àárín ni ọ̀nà wà. Báwo ni apẹja tó ń ti orí òkun bọ̀ á ṣe mọ àárín? Àmì méjì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ti ẹ̀yìn ni ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tó ga, tí wọ́n kùn ní ẹfun. Ti iwájú ni igi àgbọn kan tí bàbá bàbá mi gbìn. Bí o bá wà lójú òkun, tí àgbọn dá dúró, tí ilé agogo náà dá dúró, o ò tíì dé ojú ọ̀nà. Máa wa ọkọ̀ lọ títí àgbọn á fi bo ilé agogo bí ìgbà tí èèyàn fi ìka bo ojú. Ìgbà náà ni kí o wá kọrí sílé.

"Bí méjèèjì bá ti di ọ̀kan," bàbá mi máa ń wí, "o lè dijú wọlé."

Òkun gbé àgbọn náà lọ nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Bàbá mi fà sẹ́yìn lórí ìlà kan náà, wọ́n ri òpó igi ẹ̀gbà mọ́lẹ̀ níwájú ilé wa, wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi gba iṣẹ́ náà ṣe. Láràárọ̀, wọ́n á ta aṣọ sókè. Nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti wọlé, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á ká a bí aṣọ ìsìn.

Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n, ìbéèrè kìíní tó máa ń jáde lẹ́nu mi ni: "Màmá, ṣé aṣọ ti wà lókè?"

"Ó wà lókè, ọma mi." Bí a ṣe ń pe ọmọ nìyẹn ní Ìlàjẹ, ọma. Mi ò mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè wọni lára tó bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí kò ti sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Níbi iṣẹ́, yàrá kan wà tí ekuru ò gbọdọ̀ wọ̀. A máa ń wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ojú nìkan ló ń hàn. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ funfun á ba oje tí wọ́n fi kun àwọn àwo náà jẹ́, iná inú yàrá ọ̀hún pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè tó pọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ó máa ń fọ́ àwọn lórí. Èmi, mi ò ráhùn rí. Bí oòrùn ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tó bá ń wọ̀ ní Abereke, tí àwọn ọkọ̀ ń bọ̀. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbé. Bí mo bá jáde síta tí mo rí i pé ọ̀sán ni, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ti ìrọ̀lẹ́ mi mọ́ inú ilé.

Nínú yàrá yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe kan tó jẹ́ pé ọmọ Ìlàjẹ nìkan ló lè ṣe é.

Ní etí àwo náà, àwọn àmì kéékèèké wà. Àmì ìpele tuntun gbọ́dọ̀ jókòó sórí àmì ti àtijọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí dá iṣẹ́ ṣe, mo wò ó, àmì bo àmì pátápátá, bí aṣọ pupa ṣe máa ń bo ilé agogo. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin sínú aṣọ funfun. Iṣẹ́ ṣì kù o: ó yẹ kí n wọn àárín àwo náà, ìyẹn sì máa ń pẹ́. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo fọwọ́ sí i pé ó ti pé. Lọ́dọ̀ wa, bí àmì méjì bá ti bo ara wọn, kò sí ẹni tó tún ń ki ọ̀pá bọ omi láti mọ bó ṣe jìn sí. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí o pe bàbá rẹ ní òpùrọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Àníkẹ́ pè mí. Ó fi àwòrán hàn mí. Etí gún régé, ṣùgbọ́n àárín ti wú jáde bí ìgbòkun tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Àwọn ihò kéékèèké tó yẹ kó rí róbótó ti hu ìrù bíi légbénlègbé. Ọ̀kan nínú àwọn awò ló gbóná nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Awò tó bá sì gbóná a máa wú, bó ti wù kó kéré mọ, àwòrán á sì yẹ̀ níbi tí kò sí àmì kankan tó lè fẹjọ́ sùn.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kí o gba àmì gbọ́ báyìí?"

"Bàbá mi ni."

"Irú ẹ̀rọ wo ni bàbá ẹ ń lò?"

"Àwọ̀n ni. Apẹja ni wọ́n."

Ó wò mí títí, mo rò pé ó fẹ́ lé mi lọ. "Àmì ò parọ́," ó wí níkẹyìn, "ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí nìkan ló mọ̀. Ibi tó kù, ìwọ lo máa wọ̀n ọ́n." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Láti ìgbà náà, mo wá di ẹni tó ń wọn àárín ju gbogbo wọn lọ, débi pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, èmi ni wọ́n ń fa àwọn tuntun lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní ipò náà, Àníkẹ́ gbé àkàrà òyìnbó wá. Mo pe ìyá mi láti sọ fún wọn.

"Ṣé wọ́n ti wá gbà kí o máa ta awò fúnra ẹ?" ni wọ́n wí.

Ọdún ń gorí ọdún, òkun náà ò dúró. Ó kù díẹ̀ kí ó kan àtẹ̀gùn ilé wa. Mo gba yàrá méjì fún ìyá mi ní Ìgbọ́kọ̀dá, nítòsí èbúté, mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ẹ̀bùn, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń pẹja ní Abereke. Ìyá mi ò kúrò.

"Màmá, Ẹ̀bùn ní omi ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn."

"Mo rí i. A máa ń kíra láràárọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá."

"Kí n lọ, ta ni á máa ta aṣọ sókè? Kí ọmọ ọlọ́mọ lọ kọ lu yanrìn torí pé mo fẹ́ sùn sórí tìmùtìmù?"

"Ẹ̀bùn lè máa ta á."

"Orí òkun ni Ẹ̀bùn máa ń wà. Ṣé á wà lórí òkun, á tún na ọwọ́ wá ta aṣọ nílé ni? Àwọn òyìnbó ẹ ti ṣe irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Wọn ò tíì ṣe é, Màmá."

"Bí wọ́n bá ṣe é, pè mí. Awò ojú mi ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kan, mo ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Ẹ̀bùn pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"Mo jókòó."

"Ṣé jíjókòó lóòótọ́ ni, àbí jíjókòó orí fóònù?"

Mo fi síbí sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà ẹnu odò ti yí padà láti ìgbà òjò èṣí. Yanrìn ti wá jókòó sójú ìlà tí bàbá mi fi lélẹ̀. "Bí aṣọ bá bo ilé agogo báyìí, ẹ̀gbọ́n, orí yanrìn lẹ ń lọ tààrà. Apá ìlà-oòrùn la ń gbà wọlé."

"Ta ló kọ lù ú?"

"Èmi ni. Ẹ́ńjìnnì mi bá a lọ. Kò sí ẹni tó kú."

"Màmá ńkọ́?"

"A ò sọ fún wọn. Gbogbo wa la fẹnu kò sí i. Láràárọ̀ tá a bá ń jáde, a máa ń pariwo pé, 'Màmá, a rí aṣọ o!' Wọ́n á ní, 'Ẹ tẹ̀ lé e bọ̀ o!' Torí aṣọ yẹn ni wọn ò ṣe kúrò, omi á sì gbé wọn. Àwa ò lè sọ ọ́. Ẹ̀yin ni ọmọ wọn."

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ro ariwo wọn lójú omi. Kí n tó mọ̀, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Mo gbìyànjú. Lọ́jọ́ kìíní, mo ní, "Màmá, níbi iṣẹ́ wa, àmì lè bára mu kí iṣẹ́ ṣì wọ́." Wọ́n ní kí n lọ bi àwọn tó ṣe awò náà léèrè. Lọ́jọ́ kejì, mo ti múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti béèrè bóyá aṣọ wà lókè kí n tó rí i mú. Wọ́n ní ó wà lókè. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bí mi ò bá sọ ọ́, òkun á gbé ìyá mi pẹ̀lú ilé. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ opó, mo sì ti sọ òkú bàbá mi di òpùrọ́.

Ó ku èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ń lo aṣọ yẹn. Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀ àjèjì á mọ ohun tí mò ń sọ. O ti mọ ọ̀nà ọjà wọn, o ti mọ àwàdà wọn, o tiẹ̀ ti ń ráhùn nípa òjò bí wọ́n ṣe ń ráhùn. Lọ́jọ́ kan, o dúró síwájú pẹpẹ búrẹ́dì, oríṣi búrẹ́dì jẹ́ ogójì, kò sì sí púpurú níbẹ̀, ilẹ̀ tí o dúró lé á kàn yẹ̀. Bí ó bá ṣe mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń dijú. Mo máa ń wá ilé agogo, màá fa aṣọ pupa wá títí á fi bò ó. Bí méjèèjì bá ti di ọ̀kan, màá lajú, màá sì mú búrẹ́dì. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wọlé báyìí. Ẹ̀bùn wá ń sọ fún mi pé orí yanrìn ni mo ń wọ̀ sí.

Mo gba ìsinmi, mo lọ sílé.

Ìyá mi ti kéré sí i. Wọ́n yí mi po lẹ́ẹ̀mejì. "O ti funfun."

"Mi ò funfun, Màmá."

"Ọrùn ẹ funfun."

Wọ́n gbé púpurú síwájú mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ọbọ̀kún. Mò ń jẹ ẹ́, mò ń gbọ́ omi tó ń lu òpó ilé nísàlẹ̀ ìjókòó mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu, òkèlè ni mo ń fi sí i.

"Lọ́la," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe ń kó abọ́, "bá Ẹ̀bùn lọ sójú òkun. Ojú odò ẹ̀yìn lo gbà wá láti Ìgbọ́kọ̀dá, àlejò ló ń gba ẹ̀yìnkùlé. Gba ẹnu odò wọlé kí n rí ẹ."

Báyìí ni mo ṣe wà lójú òkun lọ́jọ́ kejì, tí oòrùn ń rẹlẹ̀, iná bíi ti yàrá iṣẹ́ mi wà lójú ọ̀run. A ń bọ̀ wálé. Mo rí ilé agogo. Mo rí aṣọ. Díẹ̀díẹ̀, aṣọ ń sún mọ́ ọn, títí ó fi bò ó. Omi bọ́ lójú mi.

"Wọlé, Ẹ̀bùn."

Ẹ̀bùn dín ẹ́ńjìnnì kù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo omi. Ẹ má wo aṣọ."

Mo wo omi. Níbi tí àwọn àmì náà ń tọ́ka sí gan-an, ìgbì ń fọ́ funfun báláú. Lẹ́yìn ìgbì yẹn, ìyá mi dúró lábẹ́ òpó, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀bùn ò yà, kò sì wọlé. Ó ń wò mí. Ó yé mi pé ibi tí màá ti sọ ọ̀rọ̀ náà nìyí, nítorí bí a bá yà, ìyá mi á rí i, àti pé fóònù kọ́ ni màá fi sọ ọ́.

"Yà," ni mo wí.

Ó yà sí ìlà-oòrùn. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kúrò lára ilé agogo. Àlàfo kékeré ló kọ́kọ́ yọ láàárín wọn, ó wá di ojú ọ̀run gbayawu. Bí mo ṣe wọ ilé bàbá mi nìyẹn, àmì méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ohun tó kan ìdí ọkọ̀ wa.

Ìyá mi ti wà létí omi kí a tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀nà ti..."

"Dìde, o ń ba aṣọ òyìnbó jẹ́. Ọ̀nà ti yí láti òjò èṣí."

Mo gbójú sókè. Ẹ̀bùn ti yíjú sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì pè.

"Ẹ ti mọ̀?"

"Abẹ́ òpó yìí ni mo ń dúró sí láràárọ̀. Gbogbo wọn ń pariwo pé àwọn rí aṣọ, gbogbo wọn sì ń gba ìlà-oòrùn jáde lójú mi báyìí. Ṣé o rò pé ojú mi fọ́ ni? Ìwọ tí ò ń ṣe awò!"

Ẹ ò lè mọ bí ojú ṣe tì mí tó. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún nítorí pé mo mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, mi ò rò ó rí pé ẹni tó dúró lábẹ́ àmì ń rí gbogbo ọkọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ṣì ń ta á sókè?"

Wọ́n kọ́kọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò léjìká mi. "Àwọn wọ̀nyí ń kí mi láràárọ̀, inú wọn ń dùn sí i, kí n wá sọ pé kí wọ́n má kí mi mọ́? Ìwọ náà, ní gbogbo ìgbà tí o bá pè, kí o tó béèrè bóyá mo jí, aṣọ lò ń béèrè. Mo ní ọma mi ń fi wá ọ̀nà níbi tó wà. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ló máa máa wò?"

Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní, "Ó dáa, o ti wá, o ti wò ó, o ti yà. Lọ tú u. Ti òní yìí, ọwọ́ mi ò lè ṣe é."

Mo tú u. Lọ́jọ́ kẹta, a kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ Ẹ̀bùn, a gba odò ẹ̀yìn lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mo ń bojú wẹ̀yìn wo òpó tó dúró ní ìhòòhò.

Aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Kò lè wọ yàrá iṣẹ́ wa, torí òwú ara rẹ̀ lè ba ohun tí ẹgbẹ̀rún aṣọ ò lè rà jẹ́. Mo gbé e kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó aṣọ ìta sí, mo máa ń fọwọ́ kàn án kí n tó wọ funfun. Àníkẹ́ bi mí pé aṣọ kí ni. Mo ní awò ni. Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ìyá mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe Ìgbọ́kọ̀dá, ìyá mi gbé e, mo la ẹnu, ìbéèrè mi àtijọ́ sì wá sí etí ètè, kò rí ibi já sí. Mo gbọ́ ọ̀kadà lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ ẹni tó ń polówó edé.

"Ṣó o ń gbọ́ mi, ọma mi?"

"Mò ń gbọ́, Màmá. Ṣé ara yín le?"

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Ó le díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń dùn mí o. Awò mi ńkọ́?"